Ọjọ́ Tí Ìrẹsì Gba Pápá

Nígbà tí Onofre Macaraeg wà lọ́mọdé, kí ó tó di Openg tí gbogbo Manila ń pariwo orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni Biyang, ìyá rẹ̀, fi kọ́ ọ níṣẹ́. Lẹ́yìn ìkórè, wọn a sá ìrẹsì sórí títì ọ̀dà. Ìyá rẹ̀ a bọ́ bàtà, a wọ inú ìrẹsì náà lọ, a máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ lè yí sókè gba oòrùn. Ọmọ a tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, kò gbọdọ̀ kánjú, bí ó bá sì dé ìpẹ̀kun, èjìká òsì ni yóò kọ́kọ́ yí kí ara tó tẹ̀ lé e. Ìró ìrẹsì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn dà bí ìgbà tí àgbàlagbà kan ń gbàdúrà lábẹ́ ètè.

Ẹsẹ̀ yìí ló gbé e dé Manila. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ lórí pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ó ń kọjá lára wọn. Kì í sáré, kì í fò. A kàn rọra wọ́ ẹsẹ̀, èjìká òsì a yí, kí wọ́n tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti wọ inú àwọ̀n. Àwọn oníròyìn a bi í pé, "Openg, ta ló kọ́ ọ?" A rẹ́rìn-ín, a ní Ọlọ́run ni. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ pé lórí títì ni, láàárín ìrẹsì àti ìgbẹ́ adìyẹ.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kọ iṣẹ́. Ariwo dákẹ́. Ó padà sí Pulong Bayabas, abúlé rẹ̀, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó èrò lọ sọ́jà. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé páànù ńlá tí ó bo pápá abúlé. Àlá kan ṣoṣo ló kù tí ó ń lá: kí ó di kóòṣì gidi, ní ilé ẹ̀kọ́ gidi, kí ọjọ́ ayé rẹ̀ tó rọ̀.

Ìdí nìyí tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ lọ́jọ́ ọdún San Isidro, nígbà tí abúlé rẹ̀ fẹ́ bá Santa Lutgarda, abúlé kejì wọn, du ife. Ọ̀gbẹ́ni Villaflor, aṣojú kọ́lẹ́jì kan nílùú, jókòó sí iwájú pátápátá.

"Kóòṣì," ni ọkùnrin náà wí, "bí àwọn ọmọ yín bá gba ife lónìí, mo ti rí ohun tí màá sọ fún ìgbìmọ̀. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń wá iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀, sà," ni Openg wí. Kò tíì jẹun láti àárọ̀.

San Isidro ni ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹni tí áńgẹ́lì ń bá túlẹ̀ nígbà tí òun bá ń gbàdúrà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Pulong Bayabas pé kì í jẹ́ kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, títí wọn yóò fi gbé ère rẹ̀ yí abúlé ká tán. Nítorí náà, láti àárọ̀ ni wọ́n ti sá ìrẹsì sójú títì, ó lọ wúrà-wúrà títí dé orí afárá. Àmọ́ lọ́dún yìí, Bernabe, olórí abúlé, ní kí wọ́n ṣe é kíákíá nítorí bọ́ọ̀lù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹni mímọ́ ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti tì í mọ́bẹ̀.

Bernabe ti géètì pápá pẹ̀lú, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Openg lọ́wọ́. Ní ọjọ́ mìíràn, bí òjò bá ká ìrẹsì mọ́ títì, pápá di ti ìrẹsì nìyẹn, nítorí kò sí òrùlé mìíràn tó gbà á. "Ṣùgbọ́n lónìí," ni Bernabe wí, "kò sí adìyẹ, kò sí ìrẹsì. Ẹni tó bá dá bọ́ọ̀lù yìí dúró ló pàdánù ife. Rẹfirí ti sọ bẹ́ẹ̀."

Bọ́ọ̀lù náà dùn. Dagul, ọmọ gíga tí Openg fẹ́ràn jù, ń wọ́ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kóòṣì rẹ̀ ti kọ́ ọ.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn bí ìyá arúgbó!" ni ọ̀kan nínú àwọn ará Santa Lutgarda kígbe.

"Ìyá arúgbó ọ̀hún ló ń lù yín báyìí!" ni Dagul dáhùn, ó sì tún ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀.

Àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Pulong Bayabas sì wà níwájú, nígbà tí òjò dé. Oòrùn kò lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀kalẹ̀, òjò tó mọ́ bíi dígí, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń sọ pé iwin ẹlẹ́sẹ̀ ẹṣin ń gbéyàwó nínú igbó. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn obìnrin pé sí géètì, pẹ̀lú àpò àti abọ́. Ìyá Sepa, opó kan tí gbogbo ìkórè rẹ̀ wà ní títì, ló ṣáájú.

"Openg! Ọmọ Biyang! Ṣí géètì!"

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù!" ni Bernabe kígbe. "Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù!"

"Ẹ bá òjò sọ ọ́! Ẹ̀yin náà lẹ sáré gbé ẹni mímọ́ wọlé bí ẹni gbé ẹrù olè. Ó ti sùn lọ. Ta ni kó wá dá òjò dúró?"

Openg bẹ rẹfirí fún ìsinmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ pé yí i ká, òógùn ń ro lágbọ̀n wọn.

"Kóòṣì," ni Dagul wí, "ti ìyá mi náà wà níta. Àmọ́ ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

Openg wo Villaflor. Ọkùnrin náà mi orí díẹ̀, bí ẹni ń kìlọ̀. Òjò ń lu páànù, ìlù rẹ̀ sì di ariwo Manila: Openg! Openg! Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀dọ́ ni, orúnkún rẹ̀ kò dùn ún, iná ńláńlá ń tàn sí i lórí. Ariwo náà dùn mọ́ ọn bí oyin. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, tí ń lọ jẹ́jẹ́, tí ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń gbàdúrà. Ó mọ ẹsẹ̀ tó ni ìró yẹn.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí géètì.

Kò sí ẹni tó lè sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Pulong Bayabas ya síta, àwọn ti Santa Lutgarda sì tẹ̀ lé wọn, nítorí àgbẹ̀ ló bí àwọn náà. Ṣọ́bìrì ń ró, tapólì ń fẹ́, àpò ń gun orí èjìká. Ìrẹsì ń tú jáde bí omi, ó bo ìlà funfun, ó bo àárín pápá, títí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì fi di oko. Láàárín gbogbo rẹ̀, rẹfirí fọn fèrè: Santa Lutgarda ló gba ife.

Kóòṣì wọn dúró pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́, ojú ń tì í. "Níbo ni kí n gbé e sí?"

"Gbé e wá," ni Ìyá Sepa wí. "Abọ́ mi ti fọ́." Ó gba ife, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bu ìrẹsì.

Villaflor sún mọ́ Openg. "Kóòṣì, ọwọ́ yín ni ife yẹn wà tán. Kí ni kí n wá sọ fún ìgbìmọ̀?"

"Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, sà."

Ọkùnrin náà mi orí, ó sì kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu láti pè é padà, láti bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Sepa ló sọ̀rọ̀.

"Openg, ó máa gbóná, á sì bàjẹ́ o. Ìrẹsì tí òjò pa kò ṣeé kó jọ kó sùn."

Òótọ́ ni. Openg jókòó, ó bọ́ bàtà. Ó wọ inú ìrẹsì lọ, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Dagul bọ́ bàtà, ó tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn, títí kan àwọn ará Santa Lutgarda. Ní ìpẹ̀kun pápá, lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, èjìká òsì Openg yí, gbogbo èjìká tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì yí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Òjò rọra ń dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì wọlé bá wọn.

"Openg," ni Ìyá Sepa wí pẹ̀lú ohùn kékeré, "ọ̀gá onímọ́tò yẹn kò tíì lọ o. Ó dúró sí ẹnu géètì, ó yanu bí ẹni rí áńgẹ́lì."

Openg kò gbójú sókè. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Ẹ ní kó bọ́ bàtà, Ìyá," ni ó wí. "Ìlà ẹ̀yìn ṣì gba ẹnìkan."