Bàtà Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó

Aránbàtà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò sí ẹsẹ̀ tí kì í wọ̀n kó tó gé awọ, àfi tiẹ̀. Inú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń ki ẹsẹ̀ tó fẹ̀ bí ọkọ́ bọ̀, kí oníbàárà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wọ èyí tó gbà yín."

Ó yínmú. "Kí lobìnrin mọ̀ nípa bàtà?"

Nígbà tí èékánná wọnú ẹran, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ọ̀dùnkún, èmi aláìmọ̀kan yìí náà ni mo fà á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gbé bàtà náà sókè. "Òpònú wo ló rán èyí fún yín?"

Ọ̀gá aránbàtà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọjà ni mo ti rà á."