Ọkùnrin Etí Aṣọ

Bírò ọmọ iléèwé ló tú àṣírí Kaneez. Ká ní aró ni, omi ì bá ti gbé e lọ bó ṣe gbé gbogbo èyí tó ti kọ láti ọdún méjì lọ.

Ní àdúgbò wọn ní ìlú Lucknow, kò sí obìnrin tí kì í fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sára aṣọ funfun, àfi èyí tí ojú ò bá ríran mọ́. Mubin Olóǹtẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ igi tẹ àpẹẹrẹ ọnà náà sára aṣọ. Aró tó ń lò kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ, ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà ló kàn ń fi hàn. Aṣọ kan náà á wá máa ti ilé dé ilé, nítorí ẹni tó mọ ọnà oníkókó bí hóró ìrẹsì kò mọ ọnà olójú àwọ̀n, kálukú ló ní tirẹ̀. Bó bá yí ká tán, alágbàfọ̀ á gbé e lọ sódò Gomti, aró á bá omi lọ, ọnà funfun nìkan ló máa kù.

Ara aṣọ tó ń rìnrìn àjò yìí ni Kaneez ń kọ ìtàn sí. Etí aṣọ tí télọ̀ máa ká sínú ló ń kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú aró ìsàlẹ̀ ìkòkò tí Mubin máa ń bù fún un sínú ìdérí ìgò. Mubin ò bi í rí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó mọ̀wé á kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n á fi ìborí bo ẹnu rẹ́rìn-ín, aṣọ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè tọ́jú ìtàn náà, kò sì sí ẹni tó lè fi mú wọn.

Tufail ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀. Tufail máa ń tún fáànù ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi fíìmù ìhòòhò ránṣẹ́ sórí fóònù ara wọn. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọ̀kan wá fún ìyàwó rẹ̀ wò. Obìnrin inú rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́. Fíìmù kọ́ ni Tufail ń wò, ojú Kaneez ló ń wò, ó ń retí kí iná ràn. Kì í ṣe pé ara Kaneez kú o. Ara rẹ̀ yá gágá, ju bí ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ohun tó wà nínú fóònù yẹn ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nínú àgbàlá Sughra tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Khala bí ẹni ń pe àǹtí, ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ránṣọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún ẹnìkan níka. Àfi Khala tó da orí kodò.

"Ẹ rò ó wò ná," Khala ní. "Ká ní àwa ni wọ́n ní ká ṣe tiwa, kí la máa fi sínú rẹ̀?"

Firdaus, ìyàwó kékeré tó ti bímọ mẹ́ta, ló kọ́kọ́ fèsì. "Kí ìlẹ̀kùn ṣeé tì látinú, kí ọmọ kankan má lè wọlé. Kí n kọ́kọ́ sùn fún wákàtí méjì kó tó fọwọ́ kàn mí."

"Oorun kẹ̀?" Husna ní. Ẹnu Husna mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. "Oorun rẹ dọwọ́ ẹ. Èmi ò fẹ́ oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ tí á máa fọwọ́ pa mí lára bí ẹni ń wá ìṣáná. Kó gbé mi nílẹ̀ pátápátá, kí n pariwo kí ará ilé kejì gbọ́. Àmọ́ tí mo bá ti ní ó tó, ó tó nìyẹn."

Khala fa òwú rẹ̀ já. Ó ní kí obìnrin inú ti òun jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún bí òun, kí ọkùnrin náà bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lẹ́yìn, kó má sì pa iná. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọ́n wá kọjú sí Kaneez.

"Kó bi mí," ni Kaneez wí. "Kó bi mí bóyá mo fẹ́. Tí mo bá ní rárá, kó má bínú dìde. Kó jókòó tì mí, ká jọ máa tàkúrọ̀sọ."

Bí wọ́n ṣe bí ọkùnrin náà nìyẹn. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Husna ní kí etí rẹ̀ kan ya, nítorí òun ò fọkàn tán ọkùnrin arẹwà. Kaneez nìkan ló lè kọ èdè Úrúdù tó dáa nínú wọn, òun ló ń kọ ọ́, ó ń fún kálukú ní tirẹ̀ bí aṣọ bá ti kan ilé rẹ̀. Firdaus rí ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì gbà, ó sì sùn. Husna pariwo títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí Kaneez kọ gbóná débi pé Firdaus ní òun jóná lọ́wọ́ nídìí rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí òun ń yan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ara ìhòòhò kiri nínú rẹ̀ kò ní rí ju ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn lọ. Nígbà mìíràn aṣọ á padà dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì kékeré tí abẹ́rẹ́ fi sí etí rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kí ọkùnrin náà tún wá.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni ikọ́ pa Mubin Olóǹtẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, ẹni tí wọ́n wá ń gbé aṣọ lọ bá kì í jẹ́ kí aró kúrò lójú rẹ̀. Ó bọ́ sí ìgbà tí ó kan Khala, tó ti ń fi sùúrù dúró de tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Khala ń béèrè bí ẹni béèrè oògùn. Kaneez ò fẹ́ kó dúró mọ́. Ó mú bírò Nigar, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì kọ ọ́. Àwọ̀ kan náà ni. Ẹni tó ti fi ogún ọdún rí i tí gbogbo ohun aláwọ̀ aró ń bá omi lọ, kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé èyí tó ń dúró wà.

Alágbàfọ̀ fọ aṣọ náà, ó sè é, ó fi ọwọ́ ha á, lẹ́tà náà ń wò ó lójú kedere. Ó gbé e fún Seth Aqeel, oníṣòwò tó ni aṣọ. Aqeel kà á sókè fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sì sẹ́ni tó máa wá olùkọ̀wé náà jìnnà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé Kaneez ló wà lára gbogbo bébà tí wọ́n ń so mọ́ ẹrù àwọn obìnrin àdúgbò. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, aṣọ náà ti wà lọ́wọ́ Tufail.

Wọ́n pé jọ sí àgbàlá Tufail nírọ̀lẹ́. Amma, ìyá Tufail, wà lórí ibùsùn onígi rẹ̀, Aqeel jókòó pẹ̀lú àgbààgbà àdúgbò méjì, àwọn obìnrin dúró lẹ́bàá ògiri. Wọ́n ní kí Aqeel kà á. Ó kà bí ọkùnrin etí yíya náà ṣe gbé omi kaná, bó ṣe bi ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún bóyá kí òun bu omi sí i lẹ́yìn, bí ìyá ṣe ní kó pa iná, tí ọkùnrin náà ní rárá, òun fẹ́ rí i. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sọ pé ní ọgọ́ta ọdún, omi ìwẹ̀ òkú ló yẹ kí wọ́n gbé kaná fún un. Khala Sughra wà lẹ́bàá ògiri, ó ń gbọ́.

Tufail ò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé ta ni ọkùnrin náà.

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá Nigar," Kaneez ní. "A rò ó ni."

"Ta ni 'a'?"

Kaneez wo ẹ̀bá ògiri. Firdaus ń gbọn ọmọ tó gbé sí ìbàdí. Husna tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ń wo ilẹ̀. Tufail kọjú sí Khala, ó ní àgbà ni wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

"Ojú mi ò mọ̀wé, ọmọ mi," Khala ní. "Mi ò mọ ohun tó wà lára aṣọ."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, orí ọmọ sì wọ́. Ó dun Kaneez wọ eegun. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọkùnrin mẹ́rin ni Khala ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ló ń sùn, ẹ̀rín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rín yẹn sì ti gún un ju bí òun ti lè gún un lọ.

"Èèyàn ò lè ro irú èyí láìrí i," Tufail ní. Ohùn rẹ̀ ò le, ó ń gbọ̀n ni. "Kí ọkùnrin máa bi obìnrin, kó sì jókòó tì í? Ibo lo ti rí i? Dárúkọ rẹ̀. Tó bá ti parí, nítorí Nigar, wàá dúró sínú ilé yìí. Tó o bá tún ní kò sí, ó túmọ̀ sí pé o ṣì ń lọ bá a. Kó ẹrù rẹ máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ, Nigar ò sì ní bá ọ lọ."

Nigar wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi pẹ̀lú báàgì iléèwé léjìká, kò sẹ́ni tó rántí lé e wọlé. Kaneez wo ọmọ náà. Òtítọ́ kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó wá ẹni tí wọn ò lè rí nà mọ́ nínú ọkàn rẹ̀.

"Mubin ni," ó ní. "Mubin Olóǹtẹ̀. Ó ti kú, ó ti parí."

Ẹni tó bá wo Tufail á rí i pé ara tù ú. Gbogbo rẹ̀ bára mu, aró ọ̀fẹ́, ìdérí ìgò, ẹkún tí Kaneez sun nígbà tí ikọ́ pa ọkùnrin náà. Ọkùnrin tó wà tó sì kú sàn fún un ju èyí tí kò sí, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó rò nítorí pé òun ò tó. Ó gbá Kaneez létí lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn àgbà, ó sì ní kí Amma fún òun lómi mu. Wọ́n ní Kaneez ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìkọ̀wé mọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láìsí Amma. Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Husna wá gba aṣọ, ó dọ́gbọ́n sún mọ́ ọn. Kaneez rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni.

"Òótọ́ ni nígbà náà?" Husna sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó wà? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?"

Husna tó fi ẹnu ara rẹ̀ ya ọkùnrin náà létí. Kaneez wò ó títí, ó sì di aṣọ fún un.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni Hamida, opó Mubin, wọlé. Ọ̀sán ni, Amma wà lórí ibùsùn, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kaneez dìde, ó ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí tàbí èpè. Bóyá ìyẹn ì bá sàn. Hamida ò jókòó, kò gba omi.

"Ìyá Nigar, mi ò bá ìjà wá," ó ní. "Wọ́n ti bú mi tó ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ. Wọ́n ní ọkùnrin inú aṣọ yẹn máa ń béèrè."

Kaneez wo apá ibùsùn Amma.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọ aró kúrò láṣọ Mubin," Hamida ní. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí fún un. Kò bi mí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí a ṣe dá ọkùnrin nìyẹn, kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ṣé ó bi ọ́ lóòótọ́?"

Ọwọ́ Amma dúró nínú ẹ̀wà. Láti inú yàrá, Kaneez ń gbọ́ ohùn Nigar tó ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Ó mọ̀ pé 'Kò bi mí', ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ló máa dá obìnrin yìí padà sílé pẹ̀lú ọkọ tó mọ̀. Ó tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà á dé etí Tufail kí oòrùn tó wọ̀.

"Ó bi mí," Kaneez ní.

Hamida mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ó ń wá nǹkan tó jábọ́ níbẹ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà," ó ní.

Ó fa ìborí rẹ̀ síwájú, ó sì jáde. Amma padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.