Ta Tí Kì Í Ṣe Ìbéèrè

“Kí ló wí?” Bàbá Ràmọ́nì tún bèèrè. “Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ló wí nípa ẹsẹ̀ ọmọ mi?”

Mùyìbátù tó ń ṣe ògbufọ̀ wọn ló ń bi. Abẹ́ páànù ni wọ́n jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Ofiki, oòrùn sì ti mú páànù náà gbóná janjan. Ọ̀gá Líù, ará Ṣáínà tó ni ibi iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni. Gbólóhùn rẹ̀ kò gùn: “Tā kāi de.”

Ṣùkúrù, ọmọ Bàbá Ràmọ́nì, ló kó sínú ẹ̀rọ láti yọ òkúta tó há, ni ẹnì kan bá taná sí i. Ọsibítù ní Ṣakí ló wà báyìí, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Gbogbo ojú wà lára Beauty, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ iná. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

“Ẹ ò gbọ́ ni?” Kàdírì, fọ́máànù wọn, dá sí i. “‘Ta’ ló pè. Òun náà ń bèèrè pé ta ni. Kò mọ nǹkan kan.”

Àwọn èèyàn mi orí. “Ta” náà ni wọ́n gbọ́ lóòótọ́.

Mùyìbátù nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ìbéèrè. Nílé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ èdè Ṣáínà n'Ìbàdàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn nìyẹn: wǒ ni èmi, nǐ ni ìwọ, tā ni òun. Bí wọ́n bá fi àmì ilẹ̀ wọn kọ ọ́, ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi irú lẹ́tà tiwa kọ ọ́, t àti a tó gbé ìlà lórí náà ni fún méjèèjì. Lẹ́nu, ìró kan ṣoṣo ni, ohùn òkè tí kì í yẹ̀. Èèyàn ò lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí àfi tó bá wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Mùyìbátù ti wo ojú Ọ̀gá Líù. Kàdírì ló ń wò.

Kàdírì sì ni àbúrò bàbá rẹ̀. Òun ló gbà á sílé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló rán an lọ kọ́ èdè náà, òun ló mú un wọ iṣẹ́ yìí. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni Mùyìbátù àti Mujeebat, ọmọ Kàdírì, ń sùn.

“Ó ní... onítọ̀hún ló taná,” ó wí.

“Onítọ̀hún wo?” Bàbá Ràmọ́nì yíjú sí Beauty, gbogbo wọn sì yíjú sí i pẹ̀lú rẹ̀.

“Mi ò sí níbẹ̀, sà!” Beauty figbe ta. “Mo ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kí n tó lọ bu omi.”

“Fún ta?” Kàdírì jágbe mọ́ ọn. Beauty wo ilẹ̀. Kàdírì wá rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bó ṣe máa ń pe Mùyìbátù wá jẹun. “Mùyì, sọ fún wọn pé ìbéèrè ni. Ṣé o gbọ́?”

Ó gbọ́. Kò sí ibi tó fẹ́ yà sí tí kò ní ba nǹkan jẹ́.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú àbúrò bàbá rẹ̀.

“Bàbá Mujeebat, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ̀yin ló ń bá wí.”

Bàbá Ràmọ́nì rọra gbé ọwọ́ lé orí. Kàdírì ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó wá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Mùyìbátù lọ bá Beauty nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Tẹ̀dé.

“Ṣé àyè wà ní yàrá rẹ?”

Beauty sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ìjókòó.