Ohun Tí Lateefah Sọ Nípa Ìwé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Lateefah fẹ́ràn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ayé dáadáa, ṣùgbọ́n kì í gba gbogbo ohun tó bá kà gbọ́. Olùkọ́ ni ní Ifo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá wọn wà láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Ìwé kan ní kéèyàn jí ṣáájú gbogbo ará ilé, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á, torí àsìkò yẹn gan-an ló máa ń yí bàbá padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn. Òmíràn ní kéèyàn yé jẹun lórí ìdúró. Ìyẹn ló gbà. Àtìgbà tó ti ń ṣe é ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu rẹ̀ padà.

Nígbà tí Mùsáfírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Mowe, kọ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Lateefah ló kọ́kọ́ gbé e fún kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní kó kà á, kó sì sọ òótọ́ ibẹ̀.

Lateefah kà á tán. Àwọn ibì kan tilẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Orí kẹfà ló dá a dúró. Mùsáfírù gba òǹkàwé níyànjú níbẹ̀ pé kó jìnnà sí gbogbo ẹni tó bá ń tán an lókun. Lateefah pa ìwé dé, ó wo bàbá tó ń sùn, ó rántí pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti dé Ifo kẹ́yìn.

Ó pè é lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ yìn ín níbi tí ìyìn tọ́.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ìwé yín dùn ún kà,” ló wá wí. “Ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.”

Mùsáfírù ní ìwé kan ò lè gba gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì dágbére. Lẹ́yìn náà, kò pè mọ́. Ó dun Lateefah, ó ń rò ó bóyá ìyìn nìkan ló yẹ kí òun sọ, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ì bá yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé jáde. Orí kẹfà wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ní Ọjọ́ Àìkú kan, Mùsáfírù kanlẹ̀kùn. Kò dárúkọ ìwé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó béèrè ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá jókòó. Lateefah fi hàn án, bàbá sì dì mọ́ Mùsáfírù lọ́rùn gbágbáágbá.

“Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀,” ni Mùsáfírù wí, kò wò ó lójú.

Lateefah lọ. Láti inú yàrá kejì ló ti ń gbọ́ tó ń bi bàbá bóyá omi náà ò gbóná jù. Èrò rẹ̀ nípa orí kẹfà kò yí padà, ṣùgbọ́n oorun gbé e lọ kó tó rò ó jìnnà.