Bàbá Yẹ̀kínì Fẹ́ Rí Ẹnu Àna Rẹ̀

Bàbá Yẹ̀kínì ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí òun kò rí ẹnu rẹ̀.

Kì í ṣe pé bàbá náà ń wá eyín funfun o. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn mọ́. Ibà líle kan tó dá a dúbúlẹ̀ nígbà tó ṣì ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà sí Àgbádárìgì, ló pa etí méjèèjì. Láti ìgbà náà, ojú ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjú sí i, tó sì la ẹnu dáadáa, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Ègùn, bàbá á mọ ohun tí onítọ̀hún ń sọ, á sì fi ohùn tó lè jí ará àdúgbò dá a lóhùn, nítorí kò mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó.

Hidayah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tẹ́mà, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ibẹ̀ ló ti pàdé Muhyideen, ọmọ ìlú Òjó ní Èkó, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté ọkọ̀ òkun. Ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀, àwọn ẹbí Muhyideen sì ti ń múra àtiwá mọ ilé ìyàwó. Àfi bí Bàbá Yẹ̀kínì ṣe ní kí wọ́n dúró ná.

“Kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀,” ló wí. “Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún mi. Gbogbo ẹni tó bá ń túmọ̀ ló máa ń bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.”

Ìsinmi Muhyideen níbi iṣẹ́ kò sì tíì tó. Wọ́n gbìyànjú fóònù. Munirah, ẹ̀gbọ́n Hidayah tó ń gbé pẹ̀lú bàbá wọn ní Gberefu, gbé fóònù tirẹ̀ sí bàbá níwájú, ó ní kó wo Muhyideen. Bàbá fà sẹ́yìn, ó fà síwájú, ó di ojú kan, ó la èkejì.

“Èwo ni kí n wò níbẹ̀? Ènìyàn ni àbí èèrà?”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe parí. Ṣùgbọ́n Munirah kì í ṣe ẹni tí í fi nǹkan sílẹ̀ ní ìdajì. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó fi ń tẹ ìwé fún àwọn ará àdúgbò: ìwé ìdánwò àwọn olùkọ́, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ìwé àwọn ẹgbẹ́ apẹja. Ojú kọ̀ǹpútà náà fẹ̀ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ àlejò. Orí Muhyideen á tóbi níbẹ̀ ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Ìṣòro kan ló wà. Yàrá bàbá ni kọ̀ǹpútà wà, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì sólà wà. Ráútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, wà lórí òpó níwájú ahéré tí wọ́n ti ń ṣe òróró àgbọn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé láti ìlú dáadáa. Wáyà tó so méjèèjì pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú. Oòrùn sá a, iyọ̀ òkun jẹ ẹ́, ewúrẹ́ sì wá parí èyí tó kù. Kọ̀ǹpútà náà kò sì ní ohun tó lè fi gba wáì-fáì láti inú afẹ́fẹ́.

Síbẹ̀, nígbà tí Hidayah pè láti sọ pé ọ̀sán Jímọ̀ ni Muhyideen máa ráyè, Munirah kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ máa múra sílẹ̀,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀. “Bí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán, ẹ pè. Bàbá á rí i kedere.”

“Àǹtí mi, ṣé ó dá yín lójú?”

“Ìgbà wo ni mo ti sọ nǹkan tí kò dá mi lójú?”

Ní ọjọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí ìlú Àgbádárìgì, ó sì gba ọ̀nà ọjà Agbalata lọ sọ́dọ̀ Láńre tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Láńre gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ní ohun tó ń wá kò le. Ó mú káàdì pẹlẹbẹ kan tó ń gba wáì-fáì jáde láti inú páálí, pẹ̀lú ọ̀pá ẹ́ríà méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Inú kọ̀ǹpútà ni èyí máa jókòó sí,” ló wí. “Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí Munirah, mo máa bá yín fi sí i.”

“Ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó.”

“Mò ń lọ sí Mowo lọ́la, wọ́n ń dúró dè mí níbẹ̀. Ẹ ò kúkú ṣe fi fóònù yín fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì? Ẹ kàn máa fi wáyà so wọ́n pọ̀ ni.”

“Ihò tí wáyà ń wọ̀ lára fóònù mi ti jẹrà. Bí o bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó já. Ṣé irú ìyẹn ni mo fẹ́ fi gbàlejò àna?” Munirah fa àga, ó jókòó. “Fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, kí n fọwọ́ ara mi ṣe é.”

Láńre wò ó, ó rí i pé obìnrin náà kò ṣeré. Ó gbé òkú kọ̀ǹpútà kan sórí tábìlì, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ojú ihò tóóró tí káàdì ń wọ̀ hàn án. Ó ní kó yọ iná kúrò pátápátá kó tó ṣí i. Ó ní kó fọwọ́ kan irin ara àpótí kọ̀ǹpútà náà kó tó fọwọ́ kan káàdì, nítorí iná kékeré tí a kò mọ̀ pé ó wà lára wa lè ba káàdì jẹ́. Etí káàdì ni kó dì mú, kó má fọwọ́ pa ojú rẹ̀. Munirah fi káàdì sínú òkú kọ̀ǹpútà náà, ó yọ ọ́, ó tún un fi, títí Láńre fi ní, “Ẹ ti ń yára jù mí lọ báyìí. Ẹ gba ṣọ́ọ̀bù.”

Munirah fi ọ̀rá wé káàdì náà, ó fi sí àyà, ó mú páálí rẹ̀ dání, ó wọkọ̀ padà sílé.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó pa iná, ó yọ gbogbo wáyà, ó sì tú kọ̀ǹpútà. Bàbá Yẹ̀kínì fa àpótí ìjókòó tirẹ̀ súnmọ́ ọn. Ọkùnrin tó ti kan ọkọ̀ fún gbogbo ayé rẹ̀ kò lè rí ohun tí wọ́n tú kó má wo inú rẹ̀.

“Eruku inú rẹ̀ tó láti fi gbin ẹ̀gẹ́,” ni bàbá pariwo.

Munirah rẹ́rìn-ín, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku náà kúrò. Ó rí ojú ihò náà gan-an níbi tí Láńre ní kó wò. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tó dí ẹ̀yìn ihò náà, èyí tó gbọ́dọ̀ kúrò kí orí káàdì lè yọ síta, ti dípẹtà. Sukúrù rẹ̀ tú, irin kọ̀ kò kúrò. Ó fà á, kò mì. Ó fẹ́ fi agbára tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ líle kan bọ́ lé tirẹ̀.

“Má bá a jà,” ni bàbá wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ìpẹtà kì í gbọ́ ìbínú.”

Ó mú ẹ̀mú jáde láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kán òróró àgbọn díẹ̀ sí etí irin náà, ó fi ẹ̀mú gbá a mú. Ó ń mì ín sọ́tùn-ún, ó ń mì ín sósì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ìṣó lára pákó tí kò fẹ́ kó ya. Irin náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Munirah nu ibẹ̀ gbẹ, ó fọwọ́ kan àpótí, ó gbé káàdì, ó sì tò ó sójú ihò. Kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó mú ìka bàbá, ó gbé e lé ara irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Káàdì náà jókòó.

“Ó ti wọlé!” ni bàbá kígbe. “Mo mọ̀ ọ́n lára!”

Munirah fi sukúrù dè é, ó yí ẹ́ríà méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó pa àpótí dé, ó so àwọn wáyà padà, ó tan iná. Kọ̀ǹpútà jí. Munirah wo igun ìsàlẹ̀ níbi tó yẹ kí àmì wáì-fáì wà. Kò sí nǹkan kan.

Ọkàn rẹ̀ kò já. Láńre ti sọ fún un pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀: kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń lo káàdì tuntun, àfi bí a bá fi dírẹ́bà rẹ̀ sí i. Dírẹ́bà yìí kì í wa mọ́tò. Ètò kékeré kan ni, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa darí káàdì. Ó wà nínú àwo kékeré tó bá káàdì wá nínú páálí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Munirah kò ní ojú tí wọ́n ń ki àwo sí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ibòmíràn tó wà, káàdì tí kò sì tíì ṣiṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi dé ibẹ̀.

Munirah mú fóònù, ó jáde lọ sí ìdí òpó níwájú ahéré, ó ka nọ́ńbà ara páálí, ó wá dírẹ́bà náà rí, ó sì gbà á sórí fóònù. Ó padà sínú yàrá, ó ki wáyà bọ fóònù. Ó já. Ó tún un kì, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rọra dúró bí ère. Eṣinṣin bà á ní imú, kò mira. Bàbá rí i, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó lé eṣinṣin náà fún un. Ó pẹ́ díẹ̀, dírẹ́bà náà wọ inú kọ̀ǹpútà tán pátápátá.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tan. Lọ́tẹ̀ yìí, àmì wáì-fáì yọ ní igun ìsàlẹ̀ bí òṣùpá tuntun. Orúkọ ráútà rẹ̀ hàn. Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó wọlé. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré: bí àwòrán kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á dúró ní àárín, á máa yí òòyì.

Munirah jáde, ó dúró sí ìdí òpó, ó kọjú sí yàrá, ó ń wo ọ̀nà tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbà. Bó ṣe rí dúróòmù omi ńlá tó kún dẹ́nu, tó dúró sí ẹ̀yìn ògiri gan-an níbi tí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wà, ó pa òṣé. Láńre ti ní kó ṣọ́ra fún omi púpọ̀ àti irin, nítorí wọ́n máa ń dí wáì-fáì lọ́nà. Àwọn méjèèjì ló wà nínú dúróòmù yìí. Òun àti bàbá rẹ̀ gbọ́n omi náà sínú garawa, wọ́n yí dúróòmù lọ sí ìdí igi àgbọn. Ó wọlé, ó gbé ẹ́ríà méjèèjì nàró. Àmì náà kún.

“Bàbá, ẹ lọ kírun,” ló wí, ó la ẹnu dáadáa. “Ó ti parí.”

Nígbà tí bàbá dé láti mọ́ṣáláṣí, ó wọ agbádá àlà, ó de fìlà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ọba. Ìpè wọlé. Hidayah kọ́kọ́ yọ, ó kúnlẹ̀ ní Tẹ́mà lọ́hùn-ún, bàbá sì pariwo orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ fi sá kúrò ní àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni Muhyideen bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Bàbá wò ó títí, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Dúró! Kí ló dí ẹnu rẹ? Irunmú yìí bo ètè òkè pátá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.”

Muhyideen wo Hidayah. Hidayah wo òkè. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ dákun, mò ń bọ̀,” ó dìde, ó sì lọ. Nígbà tó padà dé, abẹ́ imú rẹ̀ ń dán, ó sì ti fi abẹ ya ara rẹ̀ níbì kan.

“Báyìí ni ènìyàn ṣe ń rí,” ni bàbá wí. “Ó yá, kí lo wá wí?”

“Bàbá, mo fẹ́ jẹ́ ọkọ Hidayah.”

“Ọkọ̀ wo? Hidayah kò ní ọkọ̀. Èmi ni mo ń kan ọkọ̀ nílé yìí.”

Munirah bo ẹnu. Ó mọ̀ pé lórí ètè, ọkọ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ síra. Ó fẹ́ ṣàlàyé, bàbá na ìka sí i: kò gbọdọ̀ sí ògbifọ̀. Muhyideen mí kanlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kánjú. Ó súnmọ́ iwájú, ó tún ọ̀rọ̀ náà tò.

“Mo fẹ́ kí Hidayah di ìyàwó mi, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ bàbá fún mi. Mo máa tọ́jú rẹ̀, mi ò sì ní fi í pamọ́ fún yín.”

Bàbá Yẹ̀kínì wo ẹnu náà títí ó fi pa dé. Ó yíjú sí Munirah.

“Mo ti gbọ́ ọ láti ẹ̀ẹ̀kan,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì milẹ̀. “Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá á bínú ni.” Ó tún kọjú sí kọ̀ǹpútà. “Sọ fún àwọn ará Òjó kí wọ́n máa bọ̀. Hidayah, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Dìde níbẹ̀.”

Àwọn méjèèjì ní Tẹ́mà dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Bàbá sì bi Muhyideen léèrè irú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù sí, Muhyideen gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí wọ́n ti lè rí èbúté. Ọkọ̀ òkun kan tó gùn bí òpópónà hàn gàdàgbà nínú yàrá ní Gberefu. Bàbá dìde kúrò lórí àga, ó fi ìka tọ ìdí ọkọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dí ojú ìsopọ̀ irin kí omi má wọlé.

Munirah rọra jáde sí àgbàlá, ó jókòó sí ìdí igi àgbọn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Hidayah wọlé sórí fóònù rẹ̀: “Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ó tó. Muhyideen fẹ́ padà síbi iṣẹ́.”

Ó wọlé, ó fọwọ́ kan bàbá léjìká, ó sì sọ ọ́ fún un. Bàbá wo ẹnu rẹ̀ tán, ó ju ọwọ́ sí i pé kó lọ, ó sì dá ojú padà sára ọkọ̀ náà.