Àmì Ìrù Ẹja Lórí Bébà Ìrora

Àbúrò mi obìnrin, tí mo pọ̀n sẹ́yìn títí ó fi mọ ìrìn, ló pa àmì tí mo fi sórí bébà ìrora mi rẹ́, tó sì fi èyí tó wù ú rọ́pò rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn ọmọ iléèwé ni mo ń rán jù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi jókòó sídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yìn mi á tẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á wà lórí pẹ́dà. Ẹni tí kò ránṣọ rí á rò pé ọwọ́ ló ń ránṣọ. Irọ́ ni. Ọwọ́ kàn ń darí aṣọ ni. Ẹsẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kí abẹ́rẹ́ sáré, òun náà ló mọ ìgbà tó yẹ kó rọra yí ọrùn aṣọ ká.

Nígbà tí ìyá wa kú, àbúrò mi kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Mo máa ń pọ̀n ọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, bí mo bá ti ń tẹ pẹ́dà, gìrì ẹ̀rọ ni yóò fi sùn lọ. Ìdí ẹ̀rọ yẹn náà ló ti kàwé jáde. Ó fi ọdún mẹ́ta jókòó sílé láìríṣẹ́, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́jọ́ tí mo gbé ìdì aṣọ kan kúrò nílẹ̀. Ó ró pá nísàlẹ̀ ìbàdí mi. Mo rò pé bí mo bá sùn, tí mo jí, yóò lọ. Oṣù mẹ́ta kọjá, mi ò lè wọ bàtà láìdi ògiri mú.

Àkókò yẹn ni àbúrò mi rí iṣẹ́ sí ọsibítù ńlá kan. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ìtọ́jú ẹ̀yìn àti eegun ẹ̀yìn. Òun ni akọ̀wé wọn. Òun ló ń pe orúkọ, òun ló ń pín bébà, òun ló sì ń kó o jọ. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

“Àǹtí mi, ẹ wá dara pọ̀ mọ́ wa. Bẹ́ẹ̀dì kan wà tó ń na eegun ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wo ẹ̀yìn sàn lóòótọ́.”

“Bí wọn ò bá tíì mọ̀, kí ni mo fẹ́ lọ bá wọn ṣe?”

“Ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀.”

“Eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò ni mí nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Eku tí àbúrò rẹ̀ ń ṣọ́. Kí ló lè ṣe yín níbi tí mo bá wà?”

Mo lọ. Torí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe lọ, kì í ṣe torí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dókítà Àgbà tó ni ìwádìí náà kó wa jọ sínú yàrá kan tó ní kọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Ọgbọ̀n ènìyàn ni wá. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Ó ní àwa ni òpó tí ìmọ̀ yóò fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó le gan-an bí igi. Gbogbo ara ló fi yíjú sí mi, torí ìbàdí rẹ̀ ò gbà kó yí díẹ̀.

“Òpó tí ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà ẹ̀,” ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Gbọnrangandan. Òun náà ń pè mí ní Ìyá Abẹ́rẹ́.

Nínú gbogbo ohun tí Dókítà Àgbà sọ, ọ̀kan ṣoṣo ni kò fi oyin sí, òun ni mo sì dì mú. Ó ní òun fúnra òun kò ní yẹ̀ wá wò títí ìwádìí á fi parí, kí ojú òun má bàa ṣègbè. Bébà nìkan ni òun yóò máa wò. Ìlà gbọọrọ kan wà lórí bébà náà, òdo wà lápá òsì, ẹ̀wá wà lápá ọ̀tún. Òdo ni pé kò sí ìrora. Ẹ̀wá ni pé kò tún sí ìrora tó jù ú lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí kálukú fi àmì síbi tí tirẹ̀ dé. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá kọjá méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí, wọn yóò sì gbé e lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ kíákíá. Ó ní nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan máa tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, iṣan tí nǹkan bá sì tẹ̀ pẹ́ jù lè kú.

“Pẹ́ńsùlù la ó máa lò,” ni àbúrò mi wí bó ṣe ń pín in. “Bí ẹnì kan bá ṣi àmì fi, yóò ṣeé tún ṣe.”

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká fi ìlà kan ṣoṣo sàmì sí aṣọ. Ó ní ìlà kan lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó lè jẹ́ ojú òwú. Ìlà kúkúrú méjì tó pàdé lẹ́nu, bí ìrù ẹja, ni ká máa fà, ibi tí wọ́n bá ti pàdé la ó ti gé e. Ó ti wọ̀ mí lára. Bí mo bá sàmì sí kàlẹ́ńdà, ìrù ẹja ni. Bí mo bá sàmì sí ìgò oògùn, ìrù ẹja ni. Òun náà ni mo fà sórí bébà, ẹnu rẹ̀ ṣe géérégé sórí méje.

Bẹ́ẹ̀dì náà rí bí tábìlì tí wọ́n gé sí méjì. Wọ́n á fi bẹ́líìtì kan dì mí láyà, wọ́n á fi òmíràn dì mí ní ìbàdí, ẹ̀rọ á wá máa rọra fa ìdajì kan sókè, ìdajì kejì sísàlẹ̀.

“Ìyá Abẹ́rẹ́,” Gbọnrangandan á ké láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì, “bí wọ́n bá nà mí tán, ẹ bá mi rán ṣòkòtò mìíràn. Èyí á ti kúrú.”

“Mo ti gé e sílẹ̀ dè yín.”

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dáa. Àmì mi wá sílẹ̀ sí márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrora gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bí iná. Mo sàmì sí mẹ́sàn-án. Gbọnrangandan náà sàmì sí mẹ́sàn-án. Pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tipátipá ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ya bébà.

“Ẹ rọra,” àbúrò mi á wí fún un.

“Ìrora tèmi ò rọra.”

Báyìí la ṣe ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èmi àti òun, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ keje wọ́n pe Gbọnrangandan jáde, wọ́n ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ń retí rẹ̀. Mo dúró kí wọ́n pe èmi náà. Wọn ò pè mí. Mo bi àbúrò mi.

“Orúkọ yín wà nílẹ̀, Àǹtí mi. Wọ́n ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan ni.”

“Ẹsẹ̀ yìí ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀.”

“Iṣan ló ń jí. Ohun tí bẹ́ẹ̀dì ń ṣe nìyẹn.”

Ó bá mi wọ bàtà mi lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ so okùn rẹ̀ fún mi. Mo ń wo orí rẹ̀ láti òkè, mo ń sọ lọ́kàn mi pé mi ò bímọ, àmọ́ mo ní ọmọ.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń lọ. Èèrà tó ń rìn lẹ́sẹ̀ mi rìn títí ó fi dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ ilẹ̀ bí mo bá ń rìn. Mo sọ fún àbúrò mi. Ó ní kí n ní sùúrù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni Gbọnrangandan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọlé, sísọ́ọ̀sì mi jábọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá mi mú un. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ohun tó ṣe.

“Ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan,” mo wí.

“Mo ti padà sídìí ọkọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tiyín?”

“Wọn ò tíì pè mí.”

Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi. “Mẹ́sàn-án lẹ̀ ń kọ. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí. Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ lọ bá Dókítà Àgbà fúnra rẹ̀.”

Ọjọ́ kejì ni mo lọ, nígbà tí àbúrò mi lọ gba ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Dókítà Àgbà ò mọ̀ mí lójú, àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ, inú rẹ̀ dùn.

“Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń ṣe dáadáa jù. Ìrora yín ti wálẹ̀ sí méjì. Mo ń lo tiyín bí àpẹẹrẹ.”

“Méjì kẹ̀?”

Ó ṣí fáìlì, ó to àwọn bébà náà síwájú mi. Orúkọ mi wà lókè wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ́rẹ́, lórí mẹ́ta, lórí méjì. Kò sí ìrù ẹja kankan.

Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sójú fèrèsé, bí mo ṣe máa ń gbé aṣọ sójú ìmọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tú u rán rí. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kì í kúrò lára aṣọ. Ìrù ẹja mi wà níbẹ̀ lórí mẹ́sàn-án, ó funfun bí ojú àpá, rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ti gba orí rẹ̀ kọjá.

Mo fi ìka tọ́ka sí i fún Dókítà Àgbà. Mi ò ní kó ṣàlàyé. Mo jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí àbúrò mi fi dé. Bó ṣe rí bébà tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Àǹtí mi.”

“Mo ń gbọ́.”

“Wọ́n ní bí a bá dín ní ogún, wọ́n máa ti ìwádìí náà pa. Àwọn ènìyàn ń jáde. Nígbà tí bàbá onímọ́tò yẹn jáde, ó ku ogún géérégé. Ẹ̀yin ló kàn.”

“Kí ló dé tí o ò fi pa tiẹ̀ rẹ́?”

“Mo gbìyànjú. Bébà fẹ́ ya.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún láìpariwo.

“Mo rò pé bẹ́ẹ̀dì náà máa ṣiṣẹ́ tó bá yá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ rí i. Mo ro gbogbo àwọn tó kù, mo ní nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dárí jì mí.”

“Torí náà lo ṣe mú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó kórìíra mi ni, ǹ bá ti mọ ibi tí màá gbé e sí. Ìfẹ́ mi ló wọ̀n, ó rí i pé ó gùn tó, ó sì gé e.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ìwádìí náà pa. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi jẹ́ ojú ìwé méjì. “Àìṣedéédéé díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀” ni wọ́n pè é. Mo wá ẹsẹ̀ mi nínú lẹ́tà náà, mi ò rí i.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ó ní ṣé ó dùn mí. Mo ní ìgbà wo ló fẹ́ gún un.

“Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé,” ló wí. “Màá bá yín mú ìrora kúrò. Ẹsẹ̀ yẹn, mi ò ṣèlérí.”

Ó ṣe é, ìrora lọ. Mo ń sùn, mo ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pẹ́dà. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́ àbí mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo wo ilẹ̀ kí n tó mọ̀. Bí mo ṣe wolẹ̀ ni abẹ́rẹ́ sáré já, ó gba èékánná ìka mi kọjá. Mo gbìyànjú ẹsẹ̀ òsì fún oṣù méjì. Ọrùn aṣọ tó rán dà bí ibi tí eku jẹ.

Àbúrò mi wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tẹ pẹ́dà. Ẹ kàn máa sọ fún mi.”

“Kí n tó sọ, abẹ́rẹ́ ti kọjá ibẹ̀.”

Ó yí padà, ó lọ. Mo dárí jì í, bó ṣe mọ̀ pé màá ṣe. Mi ò kàn jẹ́ kó bá mi so okùn bàtà mọ́.

Obìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ló jókòó sídìí ẹ̀rọ mi báyìí. Èmi jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bọ́tìnnì ni mo ń fi ọwọ́ gán mọ́ aṣọ tó bá rán tán.