Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Èdè Faransé ni àbúrò mi, Dúrótìmí, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ẹnúgù nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀ kan, Obíagẹ́lì, kò sì sá wálé. Nítorí Faransé tó gbọ́, ìjọba Bìáfírà fi í kún àwọn tí wọ́n ń rán káàkiri Áfíríkà láti bẹ àwọn ìjọba mìíràn pé kí wọ́n gbà pé orílẹ̀-èdè ni àwọn náà. Ó ní àwọn mínísítà a gbé tíì fún wọn, wọn a gba lẹ́tà wọn, wọn a sì ní àwọn óò rò ó wò. Ọdún méjì àtààbọ̀, ìwọ̀nba orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló gbà.

Lọ́dún 1970 ó mú ìyàwó rẹ̀ wá sí Àpòmù. Bàbá wa ti kú, èmi ni olórí ẹbí. Nílé wa, obìnrin kì í di ìyàwó títí olórí ẹbí yóò fi da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Afọláyan, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ti kú sójú ogun náà nínú aṣọ sójà ìjọba àpapọ̀. N kò gbé igbá omi jáde. Mo ní n óò rò ó wò.

Dúrótìmí rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, àwọn mínísítà yẹn tilẹ̀ fún wa ní tíì."

Wọ́n lọ ń gbé ní Ìkirè. Ọdọọdún ni òun nìkan ń wá bẹ̀ mí, èsì kan náà ni mo ń fún un. Mo rò pé bí mo bá pẹ́ tó, obìnrin náà yóò padà sílùú rẹ̀. Ó bí ọmọ mẹ́ta.

Lọ́dún 1987 Dúrótìmí kú. Mo gbé igbá omi sínú ọkọ̀, mo lọ sí Ìkirè láti gbé òkú rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa.

"Ìyàwó wa," mo ní. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, kí n da omi sí i lẹ́sẹ̀, kí a jọ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé.

Kò sunkún. Ó ní kí n jókòó. Ó wọlé, ó po tíì, ó gbé e ka iwájú mi.

"Ẹ mu ún kó tó tutù, Bọ̀dá," ó ní. "A óò rò ó wò."

Ìkirè ni wọ́n sin ín sí, lọ́jọ́ Sátidé. Àlùfáà pe ìyàwó, ó pe àwọn ọmọ, kí wọ́n da erùpẹ̀ sí i. Nígbà tó kàn mí, ó rọra bi mí bóyá ọ̀rẹ́ olóògbé ni mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.